Ìgbà Èwe George Orwell

Ẹ̀yin ọmọ, bóyá ẹ̀gbọ́n yín tí ó wà ní ilé-ìwé girama ti ka ìwé kan rí, nínú èyí tí àwọn ẹran ọ̀sìn lé olóko kúrò lórí oko rẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sì wá di ọ̀gá lórí àwọn yòókù. Animal Farm ni orúkọ ìwé náà. George Orwell ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Eric Blair ni wọ́n ń pè é nígbà tí ó kéré bíi tiyín.

A bí Eric ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Okúdù, ọdún 1903, ní ìlú Motihari ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1911, wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé St Cyprian's ní ìlú Eastbourne, létí òkun. Inú ọgbà ilé-ìwé náà ni àwọn ọmọ ń gbé. Ìgbà ìsinmi nìkan ni wọ́n ń lọ sílé.

Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni! Kò pẹ́ tí Eric dé ibẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lóru, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. A máa gbàdúrà kí ó tó sùn pé kí ó má tún ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ a tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé nà án nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ọmọ olówó ni ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí Eric kò lówó tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe dín owó ilé-ìwé rẹ̀ kù, kí ó lè gba sikọ́láṣíìpù lọ́jọ́ iwájú, kí orúkọ ilé-ìwé náà sì lè yọ. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ lẹ́yìn náà, bí kò bá ṣe dáadáa, wọn a rán an létí pé àánú ni wọ́n ṣe é. Ìtìjú yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n bí sáà kẹta bá wọlé, ara a tu Eric díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà ooru ni sáà yìí, kò dàbí tiwa tí òjò máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Òòrùn kì í tètè wọ̀. Àwọn ọmọ a gba orí òkè lọ sí Birling Gap láti lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Ẹfun ni àwọn àpáta ibẹ̀, funfun báláú, wọn a sì ha wọ́n lára títí wọn yóò fi gbé ọgbẹ́ wálé. Eric fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Ní òwúrọ̀, a máa jí ṣáájú àwọn yòókù, a sì ka ìwé fún wákàtí kan láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn kòkòrò tí í di labalábá òru, tí Eric máa ń sìn. Ó ń ra àwọn kan ní sísì ní ṣọ́ọ̀bù kan nígboro, láìjẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. (Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà yín ohun tí à ń pè ní sísì.) Nínú ọ̀gọ̀dọ̀ orí òkè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wá ẹran kékeré kan tí ó dàbí alángbá, tí ikùn rẹ̀ rí bí ọsàn tí ó pọ́n. Ibi tí ó bá ti ń dùn mọ́ wọn ni olùkọ́ yóò ti pariwo pé kí wọ́n máa bọ̀.

Ní ọdún 1914, ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀. Eric kọ ewì kan nípa ogun náà, ìwé ìròyìn kan sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Ọ̀wàrà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni! Ó gba sikọ́láṣíìpù náà, ó sì wọ ilé-ìwé Eton ní ọdún 1917. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Bọ́mà, ó sì wá di òǹkọ̀wé. Ọdún 1933 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ George Orwell. Animal Farm jáde ní ọdún 1945. Ikọ́ ife ni ó pa á ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1950, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Ó ti kọ ìtàn ilé-ìwé náà sílẹ̀ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ọdún 1952 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sọ pé àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú tiwọn, ẹni tí kò tọ̀ sílé rí kò lè mọ bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe ń mọ́. Àmọ́ Eric kò fi ohun tí ó dára pamọ́. Nínú ìwé kan náà tí ó ti sọ ti ẹgba ni ó ti sọ ti àwọn alẹ́ ìgbà ooru kan, nígbà tí wọn kò lé àwọn ọmọ lọ sùn. Wọn a máa rìn kiri nínú ọgbà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, wọn a bẹ́ sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, lẹ́yìn náà wọn a lọ sùn.