Béla Guttmann, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó mọ iyì ìwé àdéhùn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ó máa ń wà lẹ́nu wa. A kì í sábà rántí ẹni tí ó kọ́ wọn. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn Béla Guttmann. Ìtàn rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́.

A bí i ní 1899 ní ìlú Budapest, ní ilẹ̀ Họ́ngárì. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ ijó ni wọ́n sì ń kọ́ni. Guttmann gbá bọ́ọ̀lù ní Budapest àti ní Vienna. Ní 1926, ó kọjá òkun lọ sí New York. Ó kó owó jọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929, púpọ̀ nínú owó náà ṣègbé.

Ó padà sí Yúróòpù, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 1939, ẹgbẹ́ rẹ̀, Újpest, gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Họ́ngárì. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Àwọn tí ó kórìíra àwọn Júù pa bàbá rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fara pamọ́ sí òkè àjà. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó o lọ sí àgọ́ iṣẹ́ ipá, ó sì sá kúrò níbẹ̀ ní ìparí 1944.

Nígbà tí ogun parí, ó gba iṣẹ́ ní Romaníà. Oúnjẹ wọ́n níbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ó ní kí wọ́n fi oúnjẹ san owó iṣẹ́ òun.

Ní 1955, ó wà ní Ítálì, ní ẹgbẹ́ AC Milan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣáájú gbogbo àwọn yòókù, síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, a máa sá. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ lé e nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà ní ipò kìíní.

Ó ṣiṣẹ́ ní Bràsíl, ó sì lọ sí Pọ́túgàl. Ní 1959, ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Porto. Kíá ni ó kọjá sí Benfica, ní Lisbon. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ Eusébio, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mòsámbíkì. Ní 1961, Benfica na Barcelona ní 3 sí 2, wọ́n sì gba ife Yúróòpù. Ní 1962, wọ́n na Real Madrid ní 5 sí 3. Eusébio gbá 2 nínú 5 náà.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, Guttmann béèrè pé kí wọ́n fi owó kún owó òun lẹ́yìn ife kejì. Àwọn aláṣẹ kọ̀, wọ́n ní ìwé àdéhùn rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti kọ́gbọ́n ní Milan kò kọ ti Lisbon sílẹ̀. Ó bínú, ó sì lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ó ṣẹ́ èpè fún Benfica kí ó tó lọ, pé wọn kò ní gba ife Yúróòpù fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Bóyá ó sọ ọ́, bóyá kò sọ ọ́. Láti 1963 títí di 2014, ìgbà 8 ni Benfica dé àṣekágbá ní Yúróòpù, ìgbà 8 náà ni wọ́n pàdánù. Ní 1990, Eusébio fúnra rẹ̀ lọ gbàdúrà ní ibojì rẹ̀ ní Vienna, níbi tí ó ti kú ní 1981.

Lóde òní, bí ẹgbẹ́ bá lé akọ́nimọ̀ọ́gbá kí àdéhùn tó parí, owó gbà-má-bínú ni wọ́n máa ń san fún un. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá fẹ́ gbà á kí àkókò tó pé, ẹgbẹ́ náà sábà máa ń san owó fún èyí tí ó ń fi sílẹ̀. Ohun tí a kọ sínú ìwé ni ó ń pinnu iye rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó kà á dé òpin. Bí ohun tí wọ́n ṣèlérí fún yín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Ọjọ́ tí ẹ ń fọwọ́ sí i ni kí ẹ béèrè. Bí ó bá di ọjọ́ ìjà, ó ti pẹ́ jù.