Caroline Herschel, Àbúrò Awòràwọ̀

Ilé kan wà ní ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojúlé 19, òpópónà New King Street. Láyé àwọn ọba tí ń jẹ́ George ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró ni, wọ́n kọ́ ọ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọgbà kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọgbà yìí, ní ọjọ́ 13, oṣù Mááṣì, 1781, William Herschel ti inú awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wo ojú ọ̀run, ó sì rí Uranus, ọ̀kan nínú àwọn ayé tí ń yí oòrùn po, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí William ni àwọn àlejò ṣe ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìtàn Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni mo fẹ́ sọ.

Ìlú Hanover, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n bí Caroline sí ní 1750. Ṣọ̀pọ̀ná bá a jà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Àìsàn ibà ńlá tún dá a wó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì ga tó ẹgbẹ́ mọ́ títí ọjọ́ ikú. Bàbá rẹ̀, afọnfèrè nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, fẹ́ kí ó kàwé. Iṣẹ́ ilé ni ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó máa ṣe. Ní 1772 William, tí ó ti di olórin ní Bath, wá mú un lọ. Kí ìyá tó yọ̀ǹda rẹ̀, William ní láti pèsè owó ọmọ-ọ̀dọ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ní Bath, Caroline kọ́ orin títí ó fi di akọrin tí àwùjọ ń pè. Wọ́n pè é sí Birmingham, kò lọ. Ìràwọ̀ ti gba ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀ nílé. Caroline ní ń gún ìgbẹ́ ẹṣin nínú odó, tí ó ń jọ̀ ọ́, láti fi ṣe amọ̀ tí a ó da irin yíyọ́ sí fún dígí inú awò. Bí William bá ń dán dígí láìgbọ́wọ́ kúrò, Caroline ní ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ní oṣù Ògọ́sítì 1781 amọ̀ náà jò, irin gbígbóná ṣàn sílẹ̀, òkúta ilẹ̀ ń fọ́, ó ń fò, oníkálùkù sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Títí di òní, àlejò lè rí àpá rẹ̀ lára òkúta náà.

Ní 1782 wọ́n kó kúrò ní Bath, torí pé Ọba George Kẹta ti gba William síṣẹ́. Caroline náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò tirẹ̀ wo ojú ọ̀run. Láàrin 1786 àti 1797, ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ ni ó rí. Láti 1787, ọba ń san £50 fún un lọ́dọọdún, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún obìnrin ìgbà náà. Nígbà tí William kú ní 1822, ó padà sí Hanover, ó sì to àkọsílẹ̀ àwọn ohun bí ìkùukùu tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láàrin ìràwọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nítorí iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ní London fi fún un ní àmì-ẹ̀yẹ góòlù ní 1828. Ó kú ní 1848, ní ẹni ọdún 97.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́, nínú iṣẹ́ ìwádìí tiwa náà, bí a bá ń yin ẹni tí ó rí ìràwọ̀, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè ẹni tí ó gún amọ̀.