Àjàyí Crowther: iṣẹ́ tó le ni Olúwa rán an

Ẹni tó bá mú Bíbélì Yorùbá lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ Àjàyí Crowther ló mú yẹn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ò mọ ohun tójú rẹ̀ rí nídìí iṣẹ́ náà.

Ìlú Òṣogùn, nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí i sí. Ọdún 1821 ni ogun kó ìlú náà, ọmọdékùnrin ni nígbà yẹn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, ó sì kó wọn lọ sí Freetown, ní Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, tó ṣe ìrìbọmi ní 1825, tó sì di olùkọ́ bíi tiwa.

Ẹni tí wọ́n tà bí ẹran, bó bá ní òun ò fẹ́ rí ilẹ̀ yìí mọ́, ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n ó padà. Ní 1841, ó bá ọkọ̀ gòkè Odò Ọya, níbi tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ní 1843, wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1853, ó dé Kétu tiwa yìí, ó sì rí Alákétu.

Nígbà tí Henry Venn, olórí CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kó wá di bíṣọ́ọ̀bù, kò kọ́kọ́ gbà. Ó mọ̀ pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan ò fẹ́ kí adúláwọ̀ ṣe olórí wọn. Venn rọ̀ ọ́ títí, ó wá gbà ní 1864. Síbẹ̀, wọn ò fi Abẹ́òkúta sábẹ́ rẹ̀. Odò Ọya ni wọ́n rán an lọ, láàárín àwọn tí èdè wọn kì í ṣe tirẹ̀. Ní 1867, ìjòyè kan dá a dúró nítòsí Ìdá, ọfà sì pa òyìnbó tó wá gbà á sílẹ̀.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló burú jù. Ní 1890, àwọn òyìnbó tó kéré sí ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ níṣẹ́ olùkọ́ máa ń bi wá pé, bí iṣẹ́ bá le tó báyìí, ṣé Ọlọ́run ló rán ni lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ti Crowther. Kò rí ìsinmi, kò sì rí ọpẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn tó rán an. Ṣùgbọ́n Bíbélì tó ṣáájú nínú títúmọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, títí dòní làwọn ìyá wa ń gbọ́ ọ ní èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bó ṣe jẹ́ ẹ nìyẹn.