Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ẹ̀kọ́ Òkè-Òkun

Ní àdúgbò wa ní GRA, Ìlọrin, níbi tí àwa ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a kì í pẹ́ gbọ́ pé ọmọ ilé kan ń múra àtilọ sí yunifásítì ní òkè-òkun. Àwọn òbí a sì máa bi àwa olùkọ́ léèrè bóyá ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nílé lè tó ti ọ̀hún. Ìbéèrè yìí ni ó mú wa rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó kàwé ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí ó sì kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

A bí i ní Òṣoógùn ní ìwọ̀n ọdún 1809. Ogun kó o ní 1821. A tà á títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ ẹrú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní April 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, níbi tí a ti rì í bọmi ní 1825.

Ní 1826 Alúfáà Davey mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jókòó fún oṣù díẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Islington. Àwọn kan rò pé níbẹ̀ ni ó ti di ọ̀mọ̀wé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí ó padà dé Sàró ní 1827 ni Àjọ CMS ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay lábẹ́ Alúfáà Haensel, ará Jámánì, orúkọ Àjàyí ni ó sì ṣíwájú nínú ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà; òun fúnra rẹ̀ sì padà di olùkọ́ níbẹ̀.

Ní 1842 ni ó tún lọ sí Islington, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Àjọ CMS fi ń pèsè àwọn míṣọ́nárì. A ròyìn pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Scholefield, olùkọ́ èdè Gíríìkì ní Cambridge, ni ó wá dán wọn wò. Nígbà tí ó ka ìdáhùn Àjàyí, ó tọrọ àyè láti mú un lọ fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń wí pé ènìyàn dúdú kò lè ro ọ̀rọ̀ já. Ó wù wá kí á ti rí ojú àwọn ọ̀rẹ́ náà ní ọjọ́ yẹn! Ní 1843 a fi í jẹ oyè díákónì, lẹ́yìn náà oyè àlùfáà.

Ó yẹ kí á ṣe àlàyé díẹ̀ níhìn-ín. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí ń kọ́ni àti ilé tí ń fúnni ní oyè lè yàtọ̀ sí ara wọn. Islington kọ́ Àjàyí, kò sì fún un ní dìgírì. Oxford, tí kò kọ́ ọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ni ó fún un ní oyè Dókítà nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní 1864, ọdún tí a yà á sí mímọ́ ní bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ní 1872 Ọ̀mọ̀wé Blyden, tí Alúfáà James Johnson sì tì í lẹ́yìn, ń béèrè fún yunifásítì fún àwọn ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ wọn. Ohun tí a rí gbà kéré sí èyí: ní 1876 a so Fourah Bay mọ́ Yunifásítì Durham, ọmọ Sàró àti ọmọ Èkó sì lè gba dìgírì Durham láìrékọjá òkun. Ọ̀nà kan náà ni Ìbàdàn gbà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, tí Ìlọrin wa níhìn-ín sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ìbàdàn ní 1975.

Bíṣọ́ọ̀bù kò dí àwọn tirẹ̀ lọ́wọ́ láti lọ: ọmọ rẹ̀ Samuel kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó kú ní Èkó ní December 1891, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Herbert Macaulay ti wà ní Plymouth.

Ìlú wa yìí pẹ̀lú rí i. Láàárín November 1871 àti February 1872 ó rin ìrìn ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja, ó gba Bídà, títí dé Èkó, ó sì dúró ní ààfin Ẹ́mià Ìlọrin. Wọ́n bi í ní ìbéèrè púpọ̀ nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò fi èdè Gíríìkì tàbí oyè Oxford dá wọn lóhùn. Ó ṣí Ìwé Mímọ́ àti Ìwé Àdúrà tí a ti túmọ̀ sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí òun alára ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kà á sí etí wọn.