Dókítà Agnes Yéwándé Savage: Láti Edinburgh dé Korle Bu

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn dókítà tí ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, ọkàn wa a máa lọ tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà mìíràn ni ọmọbìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí gbà. Ilẹ̀ òyìnbó ni a ti bí i, ibẹ̀ ni ó ti gba oyè ìṣègùn, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ó sì wá ṣe é.

Ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1906 ni a bí Agnes Yéwándé Savage ní ìlú Edinburgh. Ọmọ Scotland ni ìyá rẹ̀, Maggie Bowie. Ọmọ Èkó ni baba rẹ̀, Dókítà Richard Akinwande Savage, ẹni tí ó gba oyè ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní 1900. Baba náà ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kí ó tó padà sí Èkó, níbi tí ó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Nigerian Spectator jáde. Ẹ̀gbọ́n Agnes ọkùnrin, Richard Gabriel, náà di dókítà ní Yunifásítì kan náà ní 1926. Kò sí ìdí fún wa láti máa túmọ̀ orúkọ Yéwándé fún ọmọ Yorùbá. Ó tó kí a wí pé bí òkun tilẹ̀ wà láàárín, a kò sọ ọmọ náà nù sí ọwọ́ àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré. Ní ọdún kẹrin rẹ̀, ipò kìíní ni ó mú nínú gbogbo iṣẹ́. Ó gba ẹ̀bùn lórí àrùn awọ ara, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ lórí ìmọ̀ ìṣègùn tí a fi ń ran ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, èyí tí obìnrin kankan kò tíì gbà rí ní Yunifásítì náà. Ní 1929, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 23, ó gba oyè, a sì tún fún un ní ẹ̀bùn obìnrin tí ó ta yọ jùlọ láàárín àwọn tí ó jáde lọ́dún náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ìran Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí yóò di dókítà òyìnbó. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni Elizabeth Abímbọ́lá Akérélé, tí àwa ará Èkó mọ̀ sí Dókítà Awóliyì, gba oyè tirẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ó wọ ọkọ̀ wá sí Gold Coast láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ irú ilé tí ó wọ̀. Láti 1902 tí a ti da iṣẹ́ àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀, a ti là á sílẹ̀ pé ìran òyìnbó nìkan ni yóò wọ̀ ọ́. Ọ̀tọ̀ ni ìwé orúkọ àwọn dókítà adúláwọ̀, ọ̀tọ̀ ni owó oṣù wọn, òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá sì lè di ọ̀gá wọn. Yunifásítì tí ó mọ Agnes sí ọ̀jáfáfá kò lè gbà á lọ́wọ́ òfin yìí. Ó kàwé ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n owó tí kò tó tiwọn ni a ń san fún un, inú ilé àwọn ìránṣẹ́ ni a sì fi í sí. Lójú tiwa, ìyà méjì ni: ti àwọ̀ àti ti obìnrin.

Ní 1931, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Achimota, A. G. Fraser, mú un láti ṣe dókítà àti olùkọ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ó lò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tí ó ń ràn án lọ́wọ́ nínú yàrá àwọn aláìsàn ilé ẹ̀kọ́ náà, Susan Ofori Atta ni orúkọ rẹ̀. Susan yìí ni ó padà di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ dókítà láàárín àwọn ọmọ Gold Coast.

Lẹ́yìn Achimota, Agnes padà sí iṣẹ́ ìjọba, ní ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra. Ìtọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ ni a fi lé e lọ́wọ́. Ó tún ń mójú tó ilé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé, ó sì bójú tó ìdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àwọn tí ó ti wá di nọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ kò ṣeé kà tán. A sì gbà pé iṣẹ́ yìí ju gbogbo ẹ̀bùn Edinburgh lọ. A fi orúkọ rẹ̀ pe wọ́ọ̀dù kan ní Korle Bu.

Ní 1947 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni, ó ti rẹ̀ ẹ́ tara tọkàn. Ó padà sí Scotland, ó ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ibẹ̀ ni ó sì wà títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi pa á ní 1964.