Mozart kú kó tó parí orin òkú tí wọ́n gbé fún un

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá ti gbọ́ orin Lacrimosa rí nínú fíìmù, iṣẹ́ tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kò rójú ayé parí lẹ gbọ́ yẹn. Wolfgang Amadeus Mozart ni.

Ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1756 ni wọ́n bí i nílùú Salzburg. Olórin ni Leopold, bàbá ẹ̀. Kékeré ló ti ń kọ orin, bàbá ẹ̀ sì ń gbé òun àti Nannerl, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, káàkiri Yúróòpù láti ṣeré fún àwọn ọba. Lọ́dún 1781, ó bá ọ̀gá ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Salzburg, jà, ó sì jókòó sí Vienna. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ Constanze. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, méjì péré ló yè. Bíi tèmi tí mò ń kọ̀ròyìn kiri, iṣẹ́ tó bá rí ló fi ń jẹun. Gbèsè ò sì jìnnà sí i.

Láàárín ọdún 1791, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó kọ Mísà òkú lédè Látìnì. Wọn ò dárúkọ ẹni tó níṣẹ́. Wọ́n san apá kan owó sílẹ̀, ó ku ìyókù. Ọlọ́lá kan, Franz von Walsegg, ló wà nídìí ẹ̀. Anna, ìyàwó ẹ̀, ti kú nínú oṣù kejì. Àṣà ọkùnrin yìí ni pé kó ra orin olórin, kó fọwọ́ ara ẹ̀ dà á kọ, kó sì sọ ọ́ di tiẹ̀.

Àmọ́ opera méjì ti wà lọ́wọ́ Mozart. Nínú oṣù kọkànlá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ 5 oṣù kejìlá, ọmọ ọdún 35. Apá àkọ́kọ́ nìkan ló parí tán. Bar mẹ́jọ péré ló kọ nínú Lacrimosa.

Ibí yìí ló dùn mí jù. Tíṣẹ́ náà ò bá parí, opó ọlọ́mọ méjì ò ní í gbowó tó kù. Constanze gbé e fún Joseph Eybler, ìyẹn ṣe díẹ̀, ó dá a padà. Franz Xaver Süssmayr ló wá parí ẹ̀, wọ́n sì gbé e lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ bíi pé Mozart ló ṣe gbogbo ẹ̀. Lóṣù kejìlá ọdún 1793, Walsegg fi ṣe Mísà ìyàwó ẹ̀, ó ní òun lòun kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ ní Vienna lóṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, láti fi kówó jọ fún Constanze.

Fíìmù Amadeus ti ọdún 1984 mú káwọn èèyàn máa wo Salieri bí ẹni tó lọ́wọ́ nínú ikú Mozart. Kò sí ẹ̀rí kankan.

Àwọn kan ń bú Constanze pé ó purọ́. Èmi ò ní í bú u: ẹnu ọmọ ló ń wò. Süssmayr ni mo káàánú. Ẹni tó bá tún gbọ́ orin náà, kó rántí pé ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ rò pé ó lorin yìí?