Tsoede Ọba Tápà àti Àwọn Ère Idẹ Etí Odò Ọya

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ìlọrin ni ó ti gba orí afárá Jẹ́bà kọjá sí òkè Ọya láti ọdún 1916 tí a ti parí rẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ pé ère idẹ méjì ti wà rí ní erékùṣù tí wọ́n ń là kọjá: obìnrin kan àti tafàtafà kan. Méje mìíràn wà ní Tada, ìletò kan ní ìsàlẹ̀ odò náà. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni a fi ń pe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán: Tsoede, tí àwọn mìíràn ń pè ní Edegi, ẹni tí ó fi ìdí ìjọba Tápà múlẹ̀.

Nígbà náà àwọn Tápà kò ní ọba kan tí ó kó wọn jọ, ọdọọdún ni wọ́n sì ń san ẹrú fún Àtá ní Idah. Ọmọ ọba Ìgalà kan ṣe ọdẹ dé Nku, ní ìtòsí ibi tí odò Kaduna gbé wọ inú Ọya, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin baálẹ̀ ibẹ̀. Kí obìnrin náà tó bímọ, wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀ sí ilé láti jọba. Ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí ń bọ̀. Tsoede ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kàn án láti wà nínú àwọn ẹrú tí a ń kó lọ sí Idah. Ẹ wo ọ̀nà tí ọmọ ọba gbà wọ ààfin baba rẹ̀! Òrùka náà ni Àtá fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àìsàn dá Àtá dúbúlẹ̀, èso ọ̀pẹ gíga kan tí ẹnikẹ́ni kò lè gùn ni a ní yóò wò ó sàn. Tsoede gùn ún, ó já a wá, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ya. Ìfẹ́ tí baba ní sí i láti ìgbà náà di ìkórìíra nínú àwọn ọmọ yòókù. Bí ikú ti ń bọ̀, Àtá fún un ní ọkọ̀ idẹ, kàkàkí, ẹ̀wọ̀n irin olóògùn àti àwọn ère náà, ó ní kí ó sá. Àwọn ọmọ baba rẹ̀ lé e lórí omi; ó yà sínú odò kékeré kan, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀.

Ó padà, ó gba Nku, ó ṣẹ́gun àwọn ìletò yí i ká, ó sì tẹ Gbara dó. Àwọn asúdẹ Bida, tí àwo wọn kò ṣàjèjì ní ọjà wa, ń sọ pé òun ni ó mú iṣẹ́ náà wá láti Idah. A fi ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1531. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìtàn ka ọjọ́ orí rẹ̀, yóò tó ọgọ́fà ọdún, èyí tí ó ṣòro fún wa láti gbà.

Ti àwọn ère gan-an ni ó le jù. Ọ̀kan nínú ti Tada jẹ́ ọkùnrin tí ó jókòó, tí kò ga ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 54 lọ. Bàbà tí a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lú mọ́ ohunkóhun ni, èyí tí ó ṣòro láti yọ́ dà ju idẹ lọ. Ẹni tí ó bá ti rí orí idẹ àwọn ọba Ifẹ̀ yóò mọ ilé tí ó ti jáde. Àwọn onímọ̀ yẹ amọ̀ inú rẹ̀ wò, wọ́n sì fi í sí òpin ọ̀rúndún 13 tàbí ọ̀rúndún 14. Ó ti wà, nígbà náà, kí a tó bí Tsoede. Àwọn ère yòókù pẹ̀lú kò jọ iṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Àwọn kan rò pé ìkógun ni díẹ̀ nínú wọn, láti ìgbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn mìíràn rò pé òwò orí omi ni ó gbé wọn dé. Lójú tiwa, òkìkí ọba ńlá náà ni ó fa iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn mọ́ra. Kì í ṣe òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí: Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí iṣẹ́ àwọn baba wa, ó sì fi í fún àwọn ará Atlantis, ìlú tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Tsoede, ó kéré tán, ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ṣùgbọ́n asúdẹ tí ó yọ́ bàbà náà ti sọ orúkọ rẹ̀ nù.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ará Tada máa ń gbé ère tí ó jókòó náà lọ sí odò, tí wọ́n ń fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí àwọn ìyàwó wọn lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ṣe dán, tí ó sì jẹ. A ti gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó, láìní ọwọ́ méjèèjì.